Iye Kan, Ìtò Kan, Ìdúró Ọ̀tọ̀: Àríwísí lórí Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Ṣàlàyé Isomère fún Òǹkàwé Yorùbá-Nàgó

1. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ohun tí ó ń mú kí sódábì pa ọmùtí ni ethanol. Onímọ̀ kẹ́místrì a máa kọ ọ́ báyìí: C2H6O. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé átọ̀mù kábọ́nù 2, háídírójìn 6 àti ọ́síjìn 1 ni ó wà nínú mólékùlù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Olómi ni, ó ń hó ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí fọ́múlà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí rárá. C2H6O ni òun náà. Diméthyl éther ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé. Afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe olómi, nítorí pé láti ìwọ̀n 24 nísàlẹ̀ òdo ni ó ti ń hó. Kò sì sí ẹni tí í wá a lọ sí ilé ọtí. Iye àwọn átọ̀mù inú méjèèjì dọ́gba. Bí a ṣe so wọ́n mọ́ra ni kò dọ́gba. Nínú ti ọtí, ọ́síjìn wà láàárín kábọ́nù kan àti háídírójìn kan. Nínú ti èkejì, ó wà láàárín kábọ́nù méjì.

Irú àwọn ohun báyìí ni Berzelius, onímọ̀ ará Sweden, sọ ní orúkọ ní 1830, tí àwọn tí ó fi Faransé kàwé ń pè ní isomère. Àríwísí yìí kò dá lórí ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́. Ó dá lórí bí à ń ṣe ń gbé e kalẹ̀ fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ní èdè rẹ̀, pàápàá ní àgbègbè Kambolé, Tchamba àti Sokodé ní orílẹ̀-èdè Tógò.

2. Àwọn òǹkàwé tí à ń sọ̀rọ̀ wọn

Kambolé wà lábẹ́ Tchamba, ní Ẹkùn Àárín Gbùngbùn Tógò, lápá ibi tí Tógò ti bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Nàgó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń sọ ní Manigri, ní òdìkejì ààlà, ni àwọn onímọ̀ èdè kà sí èdè kan náà. Ní Tchamba fúnra rẹ̀, Akaselem ni èdè onílẹ̀. Ní Sokodé, olú ìlú ẹkùn náà, Tem ni. Ẹni tí ó bá gbéra ní Kambolé tí ó ń lọ sí Sokodé yóò la èdè mẹ́ta kọjá, Faransé sì ni ilé-ìwé yóò fi bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba Tógò ṣe ní 1975 mú èdè Ewe àti èdè Kabiyè wọ ilé-ìwé. Kò mú Nàgó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kíláàsì àgbàlagbà àti ìwé pẹlẹbẹ ni àyè tí ó kù fún Nàgó Kambolé láti di èdè ìwé.

Ìwé pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, oògùn, oko àti omi. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí isomère kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà, ti parí iyàn náà. Ohun tí ó kù láti yẹ̀ wò ni bí a ó ṣe ṣe é.

3. Ọ̀nà mẹ́ta, àti ibi tí wọ́n kù sí

Ọ̀nà kìíní ni àyálò. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn yóò gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì pè é ní áísómà. Ẹni tí ó yá a ní Sokodé yóò gbà á lẹ́nu Faransé, yóò sì pè é ní ìsómẹ̀ẹ̀rì. Òǹkàwé Kambolé tí ìwé méjèèjì bá tẹ̀ lọ́wọ́ yóò rò pé ohun méjì ni. Àyálò náà kò sì tan ìmọ́lẹ̀ kankan sí ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò kà á tán, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni kí a tú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà palẹ̀, kí a sì kó o jọ padà ní Yorùbá: isos ni «dọ́gba», meros ni «apá», ó di «aládọ́gba-apá». Ọ̀nà yìí ní ìrísí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìlàjì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Orúkọ tí Berzelius fúnni sọ ohun tí ó bára mu, ó sì fi ohun tí ó yàtọ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ láti ṣàlàyé. Nínú yunifásítì, olùkọ́ wà níbẹ̀. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń dá kà lábẹ́ igi, kò sí níbẹ̀. Bí «dọ́gba» nìkan bá jẹ́ ohun tí òǹkàwé rí, yóò gbà pé ohun kan náà ni wọ́n, a ó sì ti kọ́ ọ ní òdìkejì ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀nà kẹta ni àfiwé ìbejì. Òun ni ó dùn ún gbọ́ jù, òun náà sì ni ó léwu jù. Ohun tí ó so Táyé mọ́ Kẹ́hìndé ni inú tí ó bí wọn. Isomère kò nílò kí a bí wọn pọ̀. Ọtí inú sódábì ti inú ẹmu wá. Afẹ́fẹ́ diméthyl éther, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń pèsè rẹ̀. Àfiwé ìbejì ń sọ nípa orírun, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí ohun ṣe tò.

4. Ohun tí èdè fúnra rẹ̀ ti mọ̀

Àfiwé tí ó yẹ kò jìnnà. Inú èdè ni ó wà, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sì ń fi ọwọ́ bà á lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì yìí: «Adé na Òjó» àti «Òjó na Adé». Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀kan náà. Iye wọn kò yí padà. Ìtò wọn ni ó yí padà, ẹni tí ó jẹ ẹgba sì yí padà pẹ̀lú. Bí ọtí àti diméthyl éther ṣe rí nìyẹn: iye kan, ìtò ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọkọ ni ó gbé ìyàwó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ọjà. Ọ̀kọ̀ ni ọdẹ ń sọ lu ẹran. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ìtò kan náà ni àwọn lẹ́tà náà sì tò. Kò sí ohun tí ó yà wọ́n bí kò ṣe ibi tí ohùn dúró sí: òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Èyí jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: iye kan, ìtò kan, ìdúró ọ̀tọ̀. Irú mólékùlù bẹ́ẹ̀ wà, tí a so àwọn átọ̀mù wọn mọ́ra lọ́nà kan náà gan-an, tí ó jẹ́ pé ibi tí apá wọn kọjú sí nínú òfuurufú nìkan ni ó yà wọ́n. Stéréoisomère ni Faransé ń pè wọ́n.

Àfiwé náà gba kí a fi ìṣirò dán an wò. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba ohùn òkè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì bí ọkọ ní ìdúró 6 tí ó lè ní, 2 fún sílébù kìíní, 3 fún èkejì. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ni a kà sókè yìí. Nínú glucose, ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kábọ́nù 4 ni ó wà tí apá wọn lè kọjú sí ọ̀nà méjì nígbà tí mólékùlù náà bá na tàntàn. Ìdúró 16 ni ó ṣeé ṣe. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni à ń bá pàdé nínú oúnjẹ: glucose fúnra rẹ̀, galactose tí ó wà nínú ṣúgà wàrà, àti mannose. Ìṣẹ̀dá, bí èdè, kì í lo gbogbo ohun tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Àfiwé kì í ṣe ohun tí a fi wé. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, apá kábọ́nù kì í sì í ké. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, iye, ìtò, ìdúró, ti gbé gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí àgbẹ̀ kò mọ̀. Bí a bá sọ ìwọ̀nyí tán, kí a wá fi orúkọ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

5. Iṣu àti koríko

Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ òǹkàwé jù lọ wà nínú oko. Sítáàṣì inú iṣu, tí Faransé ń pè ní amidon, glucose tí a so pọ̀ mọ́ra gbọọrọ ni. Cellulose tí ó wà nínú koríko tí a fi ń bo ilé, glucose tí a so pọ̀ mọ́ra gbọọrọ ni. Fọ́múlà kan náà ni a ń kọ fún méjèèjì: C6H10O5, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Gígùn okùn wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é lẹ́sẹẹsẹ yóò fi orúkọ isomère mọ sí ọ̀dọ̀ oríkèé glucose tí a fi hun wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà: ní oríkèé tí ó so glucose kan mọ́ èkejì, ìdè ti iṣu kọjú sí apá kan, èyí tí à ń pè ní alpha, ìdè ti koríko kọjú sí òdìkejì, beta.

Èròjà tí ó wà nínú itọ́ àti ìfun ènìyàn lè já ìdè alpha. Kò lè já ìdè beta. Ìdí nìyí tí iyán fi ń yó ènìyàn tí koríko kò fi lè yó o. Màlúù ń jẹ koríko ó sì ń sanra, kì í ṣe pé ìfun tirẹ̀ ní agbára tí ti ènìyàn kò ní, bí kò ṣe pé àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà nínú àpòlúkù rẹ̀ tí wọ́n mọ bí a ti ń já ìdè beta. Ọ̀rọ̀ ìyè àti ebi ni, ìdúró oríkèé kan ṣoṣo ni ó sì pinnu rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá kọ fọ́múlà nìkan fún òǹkàwé Kambolé ti sọ fún un pé iṣu àti bẹ́ẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà.

6. Ààrò mẹ́ta àti ọwọ́ méjì

Ní 1874, Le Bel ní ilẹ̀ Faransé àti van 't Hoff ará Netherlands, láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, ṣàlàyé pé apá mẹ́rin tí kábọ́nù ní kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí a ti ń yà á sí ojú pátákó. Òkúta ààrò lè fi í hàn. Kí a to òkúta mẹ́ta sílẹ̀, kí ìkòkò jókòó sókè wọn, kí iná wà láàárín. Iná ni kábọ́nù. Òkúta mẹ́ta àti ìkòkò ni ohun mẹ́rin tí ó so mọ́ ọn. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yàtọ̀ síra, tí a sì pààrọ̀ òkúta méjì fún ara wọn, ààrò tí yóò jáde kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́, bí ó ti wù kí a yí i tó. Yóò rí bí àwòrán rẹ̀ nínú dígí, bí ọwọ́ òsì ti rí sí ọwọ́ ọ̀tún.

Pasteur ti rí àpẹẹrẹ èyí ní 1848, nígbà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa oríṣi iyọ̀ tartrate kan sí ọ̀nà méjì lábẹ́ ẹ̀rọ awòhun-kékeré: ọ̀kan ń yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì ń yí i sí òsì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ohun méjì lè bára dọ́gba nínú gbogbo òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì tún yàtọ̀. Ara ènìyàn mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, bí bàtà ọ̀tún kì í ti í gba ẹsẹ̀ òsì.

Praziquantel, oògùn tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tógò láti dènà àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ní ọ̀tún àti òsì nínú oníkóró kan náà, ìdajì sí ìdajì. Ọ̀kan ni ó ń pa aràn náà. Èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n ó ń kún ara ohun tí ó mú oògùn náà tóbi tí ó sì korò lẹ́nu ọmọdé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe arpraziquantel, tí ó ní ẹyọ ìdúró tí ó ń ṣiṣẹ́ nìkan, fún àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́ta sí ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù sọ̀rọ̀ rere lórí rẹ̀.

Níbí, ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa ìtàn kan tí ó gbajúmọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Thalidomide ni oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ní 1957, tí wọ́n kó kúrò ní ọjà ibẹ̀ ní 1961, lẹ́yìn tí ó ti ba ẹ̀yà ara ọmọ tí ó ju 10,000 lọ jẹ́ nínú oyún káàkiri ayé. Wọ́n a máa sọ pé ìdúró kan dára, èkejì burú, àti pé bí a bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, kì bá tí sí ewu. Ìtàn náà mọ́lẹ̀ létí, ṣùgbọ́n kò tọ́: nínú ara, ọ̀kan ń yí padà di èkejì, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ kì bá tí gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tí ó ń kọ̀wé fún ẹni tí kò ní ìwé mìíràn tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ fún un ní ìtàn nítorí pé ó dùn.

7. Aṣọ àti ìdúró

Ẹ̀kọ́ yìí padà wá sí orí iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi àkókò púpọ̀ jiyàn lórí lẹ́tà: ṣé ẹ àti ọ ti Nàìjíríà ni, tàbí ɛ àti ɔ tí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi ọwọ́ sí ní 1975; ṣé p ni tàbí kp. Iyàn náà kò ṣàìní ìwúlò, ṣùgbọ́n aṣọ ni ó dá lé. «Ọkọ» àti «ɔkɔ» jẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú aṣọ méjì, bí ìgbà tí a ya mólékùlù kan lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì yí àwòrán kejì po. «Ọkọ» àti «ọkọ́», ní tiwọn, ọ̀rọ̀ méjì ni. Àwọn kan ń bínú nítorí aṣọ, wọ́n sì ń tẹ ìwé tí kò ní àmì ohùn kankan. Ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí fọ́múlà: ó ka iye, ó sì to lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó gbé ìdúró sọnù.

Àwọn tí ó ń yọ àmì ohùn kúrò ní àwíjàre tí ó yẹ kí a gbọ́: ẹni tí ó gbọ́ èdè dáadáa yóò fi òye mọ èyí tí à ń wí. Òtítọ́ ni, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ èyí tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n òye kò ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí ohun tuntun. Bí ìwé ìlera bá kọ «mu un ni igba meji», ṣé ìgbà méjì ni tàbí igbá méjì? Méjèèjì bọ́ sí ojú gbólóhùn, ọ̀kan nínú wọn sì lè pa ọmọ lára. Ìtò tí àríwísí yìí dábàá fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù àmì kankan: bí a bá fi àmì ìsàlẹ̀ kún o rẹ̀, ìtọ̀ ni ó dà.

Ní Tógò, ewu mìíràn tún wà. Àmì tí ó wà lórí e nínú Kambolé àti Sokodé, bí Faransé ti ń kọ wọ́n, kò sọ nípa ohùn rárá. Ó ń sọ irú fáwẹ̀lì tí e náà jẹ́. Ẹni tí ó ti gba ilé-ìwé Faransé kọjá, bí ó bá rí è, yóò kà á ní ẹ. Tí a bá kọ «ètè» fún un, èyí tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ó lè ka «ẹ̀tẹ̀», àrùn tí à ń sá fún. Nítorí náà, kò tó kí a tẹ àmì ohùn sórí ìwé. A ní láti kọ́kọ́ tú àṣà Faransé kúrò lójú òǹkàwé, ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí ó tó di pé a fi ìwé oògùn lé e lọ́wọ́.

8. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé gbogbo èyí. Àkọ́kọ́, kí a máa fi iye, ìtò àti ìdúró ṣàlàyé isomère, kí orúkọ àyálò máa tẹ̀ lé wọn dípò kí ó ṣáájú. Èkejì, kí a má ṣe tẹ fọ́múlà nìkan sínú ìwé òǹkàwé tuntun láìya àwòrán bí àwọn átọ̀mù ṣe so mọ́ra. Ẹ̀kẹta, kí àmì ohùn pé lórí gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìlera àti ti sáyẹ́ǹsì, ìbáà ṣe ẹ ni a fi kọ ọ́ tàbí ɛ. Òǹkàwé Kambolé lè fara mọ́ aṣọ méjì fún ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé ààlà ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí a bi í ni pé kí ó máa méfò ibi tí ohùn dúró sí nínú ìwé tí ó ń sọ iye oògùn tí ọmọ rẹ̀ yóò lò.